Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Umowa: Owó Iṣẹ́ ní Àwọn Iléeṣẹ́ Ẹ̀rọ ní Pólándì

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé 31.40 zł (złoty, owó Pólándì) ni wọ́n ń san fún wákàtí kan kò purọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, òfin Pólándì sọ pé owó wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín ní 31.40 zł lórí ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní umowa zlecenie, àti pé owó oṣù ẹni tó wà lórí umowa o pracę kò gbọdọ̀ dín ní 4,806 zł. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé brutto ni gbogbo rẹ̀. Brutto ni owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Netto ni èyí tó máa wọ inú àkáǹtì yín. Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé, tó bá gbọ́ iye kan, netto ló máa ń rò. Ẹni tó ń gbà á síṣẹ́, brutto ló ń pè. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo ń sọ ni àwọn ibi tí wọ́n ti ń to tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ, pátákó inú kọ̀ǹpútà àti bátìrì ọkọ̀. LG wà ní Mława, ó sì wà ní Biskupice Podgórne lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wrocław, níbi tí iléeṣẹ́ bátìrì LG Energy Solution náà wà. TCL ń to tẹlifíṣọ̀n ní Żyrardów, Samsung ń ṣe fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ní Wronki, Jabil wà ní Kwidzyn, Flex wà ní Tczew. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣiṣẹ́ fún irú àwọn wọ̀nyí tààrà. Agencja pracy tymczasowej ló máa gbà yín, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ yá ẹlòmíràn lò, òun náà ló sì máa sanwó fún yín. Ẹ lè wọ aṣọ tí orúkọ iléeṣẹ́ ńlá wà láyà rẹ̀, kí orúkọ tó wà lórí ìwé owó oṣù yín jẹ́ ti ẹni tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí. Kò burú, òfin fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n òfin náà ló sọ pé owó ẹni tí wọ́n yá kò gbọdọ̀ dín sí ti ẹni tí iléeṣẹ́ gbà fúnra rẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà, àti pé iléeṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ lò yín báyìí ju oṣù 18 lọ láàárín oṣù 36.

Ẹni tó ṣì wà nílé, tí ejẹ́ńtì ń sọ fún pé òun á mú un wọ iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní Kòríà tàbí Taiwan, kó yáa di owó rẹ̀ mú. Kòríà Gúúsù ní ètò físà E-9 fún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè tó bá a tọwọ́ bọ̀wé nìkan ni wọ́n ń mú, Nàìjíríà ò sì sí lára wọn. Ọ̀rọ̀ Taiwan náà ò yàtọ̀. Ti Pólándì ṣeé ṣe, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kíláàsì lójoojúmọ́ pẹ̀lú físà ìkẹ́kọ̀ọ́, torí kò nílò pọ́mìtì iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Ó wá kan ìwé tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí. Umowa o pracę ni ìwé òṣìṣẹ́ gidi. Ẹ ní ọjọ́ ìsinmi 20 lọ́dún tí wọ́n á sanwó rẹ̀ (á di 26 tí iṣẹ́ yín bá pé ọdún 10), ẹ ní owó ófátáìmù, ẹ ní owó òru, wọn ò sì lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kí wọ́n ní ẹ má wá mọ́. Tí dókítà bá kọ L4 fún yín, ìyẹn ìwé àìsàn, ẹ ó gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín. Umowa zlecenie ò fi òfin fún yín ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Wákàtí tẹ́ ẹ bá ṣe ni wọ́n á san. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó gbé umowa o dzieło síwájú yín fún iṣẹ́ orí laini, ìyẹn ìlà tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ, ẹ dìde níbẹ̀: iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ tó ní ìparí ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, kì í ṣe fún ẹni tó ń de nọ́ọ̀tì láti àárọ̀ dalẹ́.

Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ wa fi ń sáré sí zlecenie? Nítorí ìṣirò yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọdún 26 kì í san owó ZUS lórí zlecenie, ZUS ni àjọ tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì àti ìdáàbòbò òṣìṣẹ́. Kì í san owó orí náà, tí owó rẹ̀ lọ́dún kò bá ju 85,528 zł lọ. Tó bá ṣe wákàtí 160 ní 31.40 zł, 5,024 zł ni, gbogbo rẹ̀ ló sì máa kó lọ sílé. Ìyẹn ni àwọn tó ṣáájú ń sọ fún yín nínú WhatsApp. Wọn kì í rántí sọ ọjọ́ orí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wá ka ìwé níbí ti sin ìjọba, ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan nílé, a sì ti lé ní 26 kí bàálù tó gbé wa. Fún irú wa, 5,024 zł kan náà á rí báyìí: ZUS á mú bíi 566 zł, owó ìlera á mú bíi 401 zł, owó orí á mú bíi 128 zł. Ó ku bíi 3,929 zł.

Ìyẹn tẹ́ ẹ bá ti fún wọn ní PIT-2. Ìwé pélébé ni, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ. Òun ló ń sọ fún ẹni tó ń sanwó pé kó yọ 300 zł kúrò nínú owó orí yín lóṣooṣù, nítorí 30,000 zł àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pa lọ́dún kò ní owó orí nínú. Ẹni tí kò kọ ọ́, 3,629 zł ló máa rí. Láti 2023 ni ẹni tó wà lórí zlecenie ti lè kọ PIT-2, síbẹ̀ mo ti bá àwọn èèyàn pàdé tí wọ́n ti lo oṣù mẹ́jọ lórí laini tí wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Lórí umowa o pracę, 4,806 zł á di bíi 3,606 zł. Ó jọ pé zlecenie ló pọ̀ jù, àbí? Ẹ dúró di oṣù kejìlá, tí iléeṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn fún Kérésì tí wákàtí yín sì já sí 110. Lórí umowa o pracę, owó yín á pé. Mo tún máa gba ẹni tó wà lórí zlecenie níyànjú kó bẹ̀bẹ̀ fún chorobowe, ìyẹn owó àìsàn. Àfínnúfíndọ̀ ni, ìdá 2.45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ, ọjọ́ 90 sì gbọ́dọ̀ kọjá kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rùn ilé kọ́ la wà yìí; òtútù ibí ń dá èèyàn gúnlẹ̀.

Bó ṣe dá mi gúnlẹ̀ nìyẹn ní oṣù kejì mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mi ò fi lọ. Nígbà tí owó dé, ó dín ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ dáadáa. Mo pe koordynator wa, ẹni tí agencja fi ṣe alárinà wa, ó sì sọ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fọ́mọdé pé premia frekwencyjna mi ti lọ. Owó tí wọ́n ń fi lé owó oṣù ẹni tí kò pa iṣẹ́ jẹ ni. Ọjọ́ kan péré tẹ́ ẹ bá pa jẹ, gbogbo ti oṣù yẹn ti bọ́. Kò fi pamọ́ fún mi. Ó wà lójú ewé kẹrin ìwé tí mo fọwọ́ sí. Láti ìgbà yẹn, tí ìpolówó bá ní “títí dé 6,000 zł”, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni podstawa, owó ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó fi premia, òru àti ọjọ́ Sátidé bù ú kún.

Ẹ má jẹ́ kí koordynator ka ìwé náà fún yín lẹ́nu kó ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025 sọ pé kí wọ́n kọ àdéhùn àjèjì sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sì fún un ní ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tó gbọ́. Ẹ lè béèrè ti Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìtìjú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó tó wà nínú rẹ̀ bá èyí tó wà nínú pọ́mìtì yín mu, àti bóyá orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ń rán yín lọ wà nínú pọ́mìtì náà. Tí agencja bá kó yín kúrò ní iléeṣẹ́ bátìrì lọ sí ti fíríìjì lọ́sàn-án kan òru kan, iṣẹ́ tí kò bófin mu lè ti bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ìtanràn ẹni tó gbà yín lè tó 50,000 zł, ẹ̀yin náà sì lè san, ó kéré tán, 1,000 zł, kí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ wákàtí. Ìpín mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ laini ń lò: aago mẹ́fà àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, méjì sí mẹ́wàá alẹ́, mẹ́wàá sí mẹ́fà. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní nocka. Lórí umowa o pracę, òru ní àfikún owó tirẹ̀, bíi 5 zł sí 6 zł fún wákàtí kan. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń lo brygada mẹ́rin, wákàtí 12 lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sán lónìí, òru lọ́jọ́ mìíràn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣirò. Wọ́n rò pé wákàtí mẹ́rin tó lé lórí mẹ́jọ ti di ófátáìmù. Rárá. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní równoważny tó fàyè gba wákàtí 12 lóòjọ́, tí ọjọ́ ìsinmi mìíràn bá ti dí i. Ohun tó bá lé lórí ètò tí wọ́n kọ fún yín ló ń di nadgodziny, ófátáìmù gidi, tí wọ́n á fi ìdajì owó wákàtí lé, tàbí odindi rẹ̀ tó bá bọ́ sí òru tàbí ọjọ́ Àìkú tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ yín. Bó ti wù kó rí, wákàtí 11 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tẹ́ ẹ jáde àti ìgbà tẹ́ ẹ padà wọlé. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ wákàtí yín sí i lójoojúmọ́. Tèmi ti gba mí lọ́wọ́ ẹjọ́ méjì.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò le bíi ti lébìrà, àmọ́ ìdúró ń pa ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń lẹ àwọn ẹ̀yà kéékèèké mọ́ pátákó. Èèyàn ló ń wo àṣìṣe, tó ń de nọ́ọ̀tì, tó ń kó o sí páálí. Fóònù ò wọlé. Wọ́n á so okùn kan mọ́ ọrùn ọwọ́ yín, okùn yẹn ló ń kó iná tí ara èèyàn ń kó jọ lọ sílẹ̀, torí ìtapá iná tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ gbúròó lè ba pátákó jẹ́. Nígbà òtútù tí afẹ́fẹ́ gbẹ, iná náà ń pọ̀ sí i, lídà, ìyẹn olórí laini, á sì máa yọ yín lẹ́nu nípa okùn yẹn ju nípa ohunkóhun lọ. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ BHP wà, ìyẹn ti ààbò. Àwọn kan á fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti gbà á nígbà tẹ́ ẹ ò tíì gbà á. Ẹ má fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí ìka bá há sínú ẹ̀rọ, ìwé yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ mú jáde.

Owó ilé tí agencja fún yín, ọ̀pọ̀ ìgbà inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Lórí umowa o pracę, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ yín ní kíkọ sílẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù, ọ̀dọ̀ yín ni kó máa wà. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín kó tó bá yín wáṣẹ́ ń rú òfin Pólándì. Agencja gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé orúkọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní KRAZ, ẹ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Tí owó ò bá dé títí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má kàn pariwo. Tí kò bá sí èsì, Państwowa Inspekcja Pracy, PIP, ló ń ṣàyẹ̀wò àwọn agbanisíṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í dárúkọ ẹni tó fẹjọ́ sùn láìgba àṣẹ rẹ̀. Lórí umowa o pracę, ẹ ní ọdún mẹ́ta láti fi béèrè owó iṣẹ́ ní kóòtù òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà wà, àmọ́ ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú làákàyè. Ní 2012, àwọn òṣìṣẹ́ Chung Hong tó ń pèsè ẹ̀yà fún LG ní Biskupice Podgórne daṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì lé àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ìyanṣẹ́lódì ní ìlànà tó gùn lábẹ́ òfin ibí, ọmọ àlejò tí káàdì ìgbé-ìlú rẹ̀ so mọ́ agbanisíṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ mọ ìlànà yẹn kó tó na ọwọ́ sókè.

Tẹ́ ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí káàdì yín sì so mọ́ ọn, ọjọ́ iṣẹ́ 15 lẹ ní láti kọ̀wé sọ fún wojewoda, ẹni tó ń ṣojú ìjọba ní ẹkùn yẹn. Ẹ gba świadectwo pracy, ìwé ẹ̀rí pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, PIT-11, ìwé tó ń sọ iye owó tí wọ́n san fún yín lọ́dún àti owó orí tí wọ́n yọ, gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín, torí náà ẹ fi àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀ fún wọn kẹ́ ẹ tó kó kúrò nílé agencja. Òun lẹ máa fi ṣe ìṣirò owó orí ọdún kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin. Ẹni tí kò kọ PIT-2 látìbẹ̀rẹ̀ lè rí 300 zł oṣooṣù rẹ̀ gbà padà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ṣe é, láàárín ọjọ́ 45 ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó náà padà sínú àkáǹtì yín.