Kí ẹ tó béèrè èyí tó le: bí ẹ ó ṣe máa lo oògùn ìrora

Lásìkò tí wọ́n bá ń kọ ebè, ohun tí mo máa ń gbọ́ ní kẹ́míìsì mi ní Kàbà ni, “Ìyá, ẹ fún mi ní èyí tó le.” Tramadol, apàrora líle kan, ni oníbàárà náà ń dọ́gbọ́n béèrè. Paracetamol ni mo máa ń nà sí i, á sì bojú jẹ́.

Ọpọlọ wa kì í kàn jókòó kó máa gba ìròyìn ìrora. Ibì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láàárín gbùngbùn, tó ń ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn pé kó dín ohun tó ń gòkè bọ̀ kù, bí àwọn sójà ṣe ń gbégi dínà Ọbájánà tí ọkọ̀ á fi máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1969, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, David Reynolds, fi iná mànàmáná kan ibẹ̀ lára eku, ó sì la inú eku náà láìkùn ún lóorun, kò sì jọ pé eku náà ń jẹ̀rora.

Tí ẹ bá gbé paracetamol mì, ẹ̀dọ̀ á pa díẹ̀ nínú rẹ̀ dà. Èyí tó bá dé ọpọlọ á di èròjà kan tí wọ́n ń pè ní AM404, tó wà lára ohun tó ń ta ibi ìdènà yẹn jí. Ó jọ pé ìdí kan nìyẹn tó fi ń mú ìrora rọlẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kan wíwú. Bí àdá bá ṣá yín lẹ́sẹ̀ tí ibẹ̀ wú, tó ń gbóná, iṣẹ́ ibuprofen nìyẹn. Kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin, èròjà inú ara tó ń mú ojú ọgbẹ́ ta kíkan. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Vane, ló rí i ní 1971 pé bí aspirin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àgbàlagbà á lo paracetamol 500mg méjì, á dúró fún wákàtí mẹ́fà kó tó tún lò ó. Kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó rù gan-an, tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí tó ń mutí gan-an, kó béèrè kó tó lo iye yẹn.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà rèé. Ọlọ́kadà á gbé ọ̀rá dé, mà á tú u sórí tábìlì: Panadol, oògùn ọ̀fìnkìn, oògùn ibà ara dídùn. A jọ máa ka ẹ̀yìn páálí ni. Paracetamol, paracetamol, paracetamol! Ẹ̀dọ̀ ló máa san gbèsè yẹn.

Ibuprofen, ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ diclofenac, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oyún, ẹ rí dókítà ná.

Ẹni tó ń lo apàrora nítorí ẹ̀fọ́rí fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì ń bá a lọ fún oṣù mẹ́ta, oògùn gan-an lè ti máa fa ẹ̀fọ́rí.

Ní ti tramadol, ìdílé morphine, apàrora líle tó lè di bárakú, ni. Láìsí ìwé dókítà, mi ò ní tà á. Bí ẹ̀yìn bá sì ń dùn yín tí ẹsẹ̀ kú tàbí tí ìtọ̀ ń dá jáde fúnra rẹ̀, ẹ má yà lọ́dọ̀ mi rárá. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.