Àṣìṣe tó ń ba ìdánwò fíìmù dúdú àti funfun jẹ́

Ìwé ní kí oògùn tí a fi ń fọ fíìmù wà ní 20°C, àmọ́ omi ẹ̀rọ ilé mi l'Adó-Èkìtì ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ki tẹmómítà bọ báàfù lọ́sàn-án, 28 ló kà. Kí n tó ra tẹmómítà ọ̀hún, mo ti fi ìṣẹ́jú inú ìwé fọ fíìmù bíi mẹ́fà, gbogbo aṣọ funfun sì dúdú jù, bí èédú, lórí nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, níbi tí funfun ti máa ń dúdú. Mo ní kámẹ́rà ló bàjẹ́. Mo tiẹ̀ sanwó kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ má fọ fíìmù nínú omi tí ẹ ò wọn. Fíìmù HP5 Plus nínú oògùn ID-11 tí a ò bu omi là, ìṣẹ́jú 7½ ni ní 20°C. Ní 24°C, bíi 5 ni. Bó bá di 28, àkókò á kúrú débi pé kí ẹ tó da oògùn sínú táǹkì tán, apá kan fíìmù ti mu ún ju apá kejì lọ. Píọ̀ wọ́tà méjì tó ti dì ni mo máa ń jù sínú báàfù, tọ̀rá-tọ̀rá, màá wá gbé ike oògùn àti táǹkì sáàárín wọn. Bí wọn ò bá mú iná wá láti àná, mi ò fọ nǹkan kan. Ẹni tí kò fẹ́ bá yìnyín jìjàkadì lè bu omi la ID-11 lọ́gbọọgba: ìṣẹ́jú 13 ni ní 20°C, bíi 9 ní 24. Èmi 24 ni mo mú, nítorí pé ọwọ́ mi ń tó o lójoojúmọ́.

Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn yí nǹkan méjì pa pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ kámẹ́rà ló ń pinnu ohun tó máa hàn níbi tó ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú inú oògùn ló ń pinnu bí ibi funfun ṣe máa le tó. Bí ẹ bá yí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ta lẹ fẹ́ dá lẹ́bi? Ẹ fi ẹnì kan tó wọ agbádá dúdú, tó dé fìlà funfun, jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ yà á ní ISO 400, 320, 250 àti 200 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á máa pọ̀ sí i), kí ẹ fọ̀ ọ́. Ibi tí ìṣẹ́po agbádá ti kọ́kọ́ hàn dáadáa, nọ́ńbà yín nìyẹn. Ẹ wá fi nọ́ńbà yẹn ya fíìmù mìíràn látòkè délẹ̀, ẹ gé e sí mẹ́ta nínú òkùnkùn biribiri, kí ẹ fọ ọ̀kan nínú ID-11 àbùlà ní 24°C fún ìṣẹ́jú 9, ọ̀kan 8, ọ̀kan 7. Fìlà tó funfun tí okùn ara rẹ̀ ṣì hàn ló borí. Ìdánwò ìgbà tí oòrùn ń ràn nìyẹn o. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú kan náà á mú àwòrán tí dúdú àti funfun rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra jáde. Ẹ fi kún un.

Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ náà ń tan èèyàn. Gbogbo nǹkan ló ń rò pé ó rí bí eérú. Ẹ gbé e sí léèsì funfun, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì rì. Ẹ fi ka àtẹ́lẹwọ́ yín nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí ẹ fi sítọ́ọ̀pù kan kún un, ìyẹn ni pé kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Bí nẹ́gẹ́tíìfù bá ṣá, ẹ má sáré fi ìṣẹ́jú kún un. Ẹ wo lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí etí fíìmù. Bí wọ́n bá dúdú dáadáa tí àwòrán ṣófo, ìmọ́lẹ̀ ló kéré, oògùn ò sì lè mú ohun tí kò wọlé jáde. Bí lẹ́tà fúnra rẹ̀ bá ṣá, oògùn ni kí ẹ bi.

Ẹ má sì fi iṣẹ́ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ṣe ìdánwò. Mo dán an wò níbi ìkómọ kan n'Ìkẹ́rẹ́. Ìyá ọmọ ṣì ń bi mí ní fọ́tò. Ọmọ ọ̀hún ti ń lọ sí nọ́sírì.