Jíìpù oníná àbí ti dísẹ́ẹ̀lì: bí mo ṣe yàn án fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ wálé sí Kabba

Ọ̀kun o gbogbo ilé.

Bọ̀dá mi tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun ń bọ̀ wálé pátápátá, ilé ti parí, ó ku mọ́tò. Ó ní "Àbúrò mi, ìwọ lo wà nílé, ìwọ lo mọ ọ̀nà tó sì mọ bí iná ṣe rí, bá mi wò ó, ṣé kí n ra BMW iX tó ń lo iná ni àbí X5 tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì?" Mi ò lè fi ẹnu lásán dá a lóhùn, torí owó iṣẹ́ òru ọdún pípẹ́ lowó yẹn, mo mọ bó ṣe ṣe é kó tó kó o jọ. Mo ní "Bọ̀dá, ẹ fún mi lóṣù kan."

Ìdí tó fi jẹ́ èmi ló bi ni pé ẹja yìnyín ni mò ń tà. Ẹni tó bá ń ta ẹja yìnyín ní Kabba, tó bá fẹ́, tí ò bá fẹ́, á mọ̀ nípa iná á sì mọ̀ nípa dísẹ́ẹ̀lì. Mo ní jẹnẹrétọ̀ 15 kVA lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sì ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ìgbà tí wọ́n mú iná wá àti ìgbà tí wọ́n mú un lọ sí. Ìwé yẹn gan-an ló wá ràn mí lọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́kọ́ yanjú ò gbà mí lákòókò. Bọ̀dá ní iX kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń wà, ó rò pé òun á kàn gbé e sọ́kọ̀ ojú omi ni. Mo ní rárá o. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, wọn ò sì fàyè gba mọ́tò tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti Lọ́ńdọ̀nù sì nìyẹn. Tó bá máa ra èyíkéyìí nínú méjèèjì, láti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù ló ti máa wá.

Mo wá kọjú sí oníná. Kí n sọ òótọ́, bí mọ́tò bá jẹ́ mọ́tò, iX yẹn dáa ju X5 lọ. Kì í pariwo, kò sí ọ́ìlì láti yí, kò sí fílítà dísẹ́ẹ̀lì, nígbà tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2021 wọ́n ní irú rẹ̀ tó ń jẹ́ xDrive50 lè rìn tó 630 kìlómítà lórí ṣáájì kan. Bátìrì rẹ̀ gba bíi 105 yúnìtì iná. Iye tí wọ́n wọ̀n ní lábù nìyẹn ṣá o, ẹni tó bá tan AC tó sì ń sáré lójú ọ̀nà Àbújá ò lè rí 630. Mo fi 22 yúnìtì ṣírò fún 100 kìlómítà, Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló ní ohun tí tòun ń jẹ níbẹ̀ nìyẹn.

Owó pàápàá, oníná ló borí. Ní oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, wọ́n sọ ọ́ di náírà 225 fún yúnìtì kan. Ìlọ́po 22 nìyẹn, kò pé 5,000 fún 100 kìlómítà. Dísẹ́ẹ̀lì lítà mẹ́sàn-án fún ọ̀nà kan náà, nígbà tí lítà kan ti lé ní 1,000, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àdúgbò wa ò sí ní Band A, mo bá ṣí ìwé iná mi. Mo ka oṣù méjì sẹ́yìn, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ló bọ́ sí, ọjọ́ míì mẹ́jọ, ọjọ́ míì méjì, ọjọ́ míì kò sí rárá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ò lè fún mọ́tò náà ju bíi 2.3 kílówáàtì lọ, torí náà wákàtí mẹ́fà á fún un ní 14 yúnìtì, 14 yúnìtì á gbé e rìn bíi 60 kìlómítà. Fún ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì sí oko, ìyẹn tó. Mo pe ẹni tó wáyà ilé náà, mo ní ṣé a ò lè gbé àpótí ṣáájì ńlá kọ́ ara ògiri, ó ní a lè gbé e kọ́ o ṣùgbọ́n wáyà ojú pópó wa ò ní lè gbé e, àti pé èmi fúnra mi mọ̀ pé tó bá di alẹ́ tí gbogbo èèyàn tan nǹkan wọn, iná máa ń wálẹ̀ débi pé fíríísà ò ní gbéra. Òótọ́ ló sọ.

Àbújá ló wá dá ọ̀rọ̀ yẹn rú. Ìyàwó Bọ̀dá ní dókítà tó máa máa rí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Láti Kabba sí Àbújá tó bíi 280 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ di 560, ìyẹn á jẹ 123 yúnìtì nígbà tí bátìrì ò gbà ju 105. Mo wo ojú ọ̀nà náà nígbà tí mo lọ kó ẹja ní Lọ́kọ́ja, láti Obajana títí dé Lọ́kọ́ja, mi ò rí ibì kan tí wọ́n ti ń ta iná fún mọ́tò. Ká tiẹ̀ ní ó rí ṣáájì díẹ̀ ní Àbújá tó fi délé, bó bá délé lófìfo, ní 14 yúnìtì lójúmọ́ ó máa lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó kún padà. Tí àìsàn bá wá dé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́? Ohun tó ń dùn mí lọ́kàn jù nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́.

Bọ̀dá ní "Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, torí ìyẹn ni mo mọ̀ jù. Jẹnẹrétọ̀ mi ń fi lítà kan ṣe yúnìtì méjì àbọ̀ sí mẹ́ta tó bá ru ẹrù dáadáa. 22 yúnìtì tí mọ́tò fẹ́, pẹ̀lú èyí tó máa ṣòfò nígbà tó bá ń ṣáájì, 24, ìyẹn lítà mẹ́sàn-án. Lítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án náà ni X5 ń jẹ fún 100 kìlómítà! Dísẹ́ẹ̀lì kan náà lẹ máa jó, ariwo àti èéfín rẹ̀ á wá wà lábẹ́ fèrèsé yín. Sọ́là ilé rẹ̀ ń ṣe dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n fíríjì àti AC ilé ti ń jẹ ìdajì ẹ̀, nígbà òjò ó tún burú sí i.

Nǹkan kan tún wà nínú ìwé yẹn tí mi ò gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá tíránsọ́fọ́mà àdúgbò wa jó, ọjọ́ 19 la ò fi rí iná. Mo pàdánù ẹja. Mo ní kí Bọ̀dá fojú inú wo ọjọ́ 19 yẹn pẹ̀lú jíìpù tó kàn dúró síta.

Kí ẹ má rò pé mo wá fi ojú àánú wo dísẹ́ẹ̀lì. Mo lọ bá mẹkáníìkì kan tó ti ń tún tírélà símẹ́ǹtì ṣe láti ìgbà pípẹ́, mo ní kó sọ ibi tó burú fún mi. Ó ní ẹ̀ńjìnnì X5 yẹn dáa, sílíńdà mẹ́fà, agbára wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú sàléńsà rẹ̀ wọ́n fi fílítà kan sí tó ń gba eérú èéfín, eérú yẹn sì gbọ́dọ̀ jóná kó lè mọ́, kò sì lè jóná àfi tí mọ́tò bá sáré gígùn tó gbóná gan-an. Ẹni tó bá ń wà á láti ilé sí ọjà, ọjà sí ilé, fílítà yẹn á dí ni. Ìkejì, dísẹ́ẹ̀lì wa. Láti 2009 súlúfọ̀ inú ti Yúróòpù ò gbọdọ̀ ju 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ, tiwa lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, súlúfọ̀ yẹn ló sì ń ba fílítà àtàwọn sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́. Omi tún máa ń wọ inú rẹ̀, èmi náà ti rí i nínú jẹnẹrétọ̀ mi. Ìkẹta, ó ń lo AdBlue, ìyẹn omi yúríà tó ń sọ èéfín dísẹ́ẹ̀lì di mímọ́, tó bá tán pátá mọ́tò ò ní gbà kẹ́ ẹ tún un sítáàtì.

Torí náà ìrìn kéékèèké Bọ̀dá, oníná ló bá a mu. Ìrìn jíjìn rẹ̀ sì rèé, dísẹ́ẹ̀lì ni. Mo ronú sí i fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, mo wá rántí omíyalé 2022, nígbà tí Odò Ọya bo ọ̀nà ní Koton Karfe táwọn mọ́tò tò jọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo lọ bá ẹni tí epo rẹ̀ tán níbẹ̀. Kò sí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń gbé iná.

Mo pè é. Mo ní "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká mú ti dísẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbà fún mi ní nǹkan mẹ́ta." Ibi kan ṣoṣo la ó ti máa ra dísẹ́ẹ̀lì, ibi tí mo ti ń rà fún ṣọ́ọ̀bù látọjọ́ yìí tí mi ò rí omi nínú ẹ̀. AdBlue á máa wà nílé kó tó di pé mọ́tò bèèrè. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹnìkan á wà á lọ sí Obajana wá padà, torí ọ̀nà tí Dangote fi kọnkéré ṣe láti Obajana sí Kabba yẹn jẹ́ 43 kìlómítà, ó nà, ó tẹ́jú, mọ́tò lè sáré níbẹ̀ kí fílítà gbóná dáadáa kó jó eérú rẹ̀ dànù. Bọ̀dá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní "Mo fẹ́ràn oníná yẹn o, àbúrò mi." Mo ní mo mọ̀, sà. Mo ní tí wọ́n bá fi lè gbé àdúgbò wa sí Band A tí iná sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko nínú ìwé mi, èmi fúnra mi ni màá pè yín pé ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

X5 náà ti dé, aláwọ̀ eérú, sítíárì lọ́wọ́ òsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la gbé Àǹtí lọ sí Àbújá fún ìgbà àkọ́kọ́. A bu táǹkì kún ní Kabba, ó gba bíi 80 lítà, a lọ, a bọ̀, AC ò kú lẹ́ẹ̀kan, nígbà tá a padà dé ilé epo kan náà tá a tún bù ú kún, lítà 49 ló gbà. Bọ̀dá ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé iná mi, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀, lábẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú iná wá láago méjì òru tí wọ́n mú un lọ láago mẹ́rin.