Oògùn ₦14,000 kò pa ìgbín aláìníkarawun, pẹ́pẹ́yẹ ló bá mi ṣe é

₦14,000 ni mo kó fún ẹni tó ń ta oògùn oko ní Àkúrẹ́ níbí, nítorí ìgbín tí kò ní karawun, àwọn múlọ́múlọ́ tó ń fa itọ́ kiri orí ewé wọ̀nyẹn. Kò pa ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀fọ́ ló máa mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ́ nígbà tí a ò tíì gé ìdì ẹ̀fọ́ kan tà.

Ẹ̀bá Odò Àlà ni oko mi wà. Mi ò ní máa ròyìn bí mo ṣe kọ ebè àti bí mo ṣe lọ́ kábéèjì, ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé yín. Òjò rọ̀ mọ́jú, mo débẹ̀ láàárọ̀, kìkì igi ni mo bá lórí ebè ṣọkọ. Àwọn ọmọ kábéèjì ti dàwátì, wọ́n jẹ wọ́n mọ́ ilẹ̀. Ipa itọ́ tó ti gbẹ ń dán yanran lórí ilẹ̀.

Mo mú ewé kan tó ti luhò dání lọ sí ìsọ̀ ọmọkùnrin náà. Kò gbà á lọ́wọ́ mi wò. Kò béèrè bóyá ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ ẹ́ tàbí òru. “Mọ́mì, kòkòrò ni. Ẹ fín èyí sí i, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.” Mo fín in. Nígbà tó dòru mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo bá wọn lábẹ́ ewé, wọ́n ń jẹun tiwọn lọ. Mo padà lọ bá a, ó ní omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí n jẹ́ kó ki. Mo jẹ́ kó ki, pàbó. Ìgbà tí mo tún padà lọ, ó ní ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ojúlówó (ta ló tà á fún mi?), ló bá gbé ìgò tó tóbi ju ìyẹn lọ kalẹ̀, owó gọbọi.

Mo ní ṣùgbọ́n ìgbín mà ni o. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìgbín tí ò ní karawun kẹ̀, Mọ́mì? Ohun tó bá ń jẹ ewé, kòkòrò ni.” Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò kì í sábà ran ìgbín, ẹ̀dá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Èyí tó wá dùn mí jù ni àwọn tí oògùn náà pa. Àwọn kòkòrò dúdú ẹlẹ́yìn líle tó máa ń sáré lórí ilẹ̀ lálẹ́, ń ṣe ni wọ́n na ẹsẹ̀ sókè káàkiri ebè mi. Àwọn yẹn ló sì ń jẹ ẹyin ìgbín àti ọmọ rẹ̀! Ọmọ àbúrò mi tó wà ní FUTA ló ka ìwádìí kan fún mi láti Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi oògùn kòkòrò pa èso sóyà lára, wọ́n gbìn ín, ìgbín jẹ ẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Kòkòrò tó jẹ ìgbín ló kú tàbí tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ìgbín wá ń pọ̀ sí i, sóyà dínkù.

Wọ́n á ní oògùn ìgbín gan-an wà, metaldehyde. Òótọ́ ni, ó ń pa á. Ó ń pa ajá àti adìyẹ náà. Láti òpin oṣù Kẹta 2022 ni Ìlú Ọba ti fòfin de lílò rẹ̀ níta. Èmi tí mo ní ajá lóko, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Mo pa oògùn tì. Òkìtì èèpo kòkó tó ń jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ni mo kó kúrò, abẹ́ rẹ̀ ni ẹyin wọn wà, wóró róbótó tó mọ́ gaara, tó lẹ̀ mọ́ra wọn. (Akọ àti abo ń bẹ lára ìgbín kan ṣoṣo, kò sí èyí tí kò lè yé ẹyin nínú wọn. Ẹ gbà mí!) Lálẹ́ mo tẹ́ àpò tútù sáàárín ebè, láàárọ̀ mo ṣí i, mo ṣà wọ́n sínú omi iyọ̀. Inú garawa ni iyọ̀ ń gbé o, ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Eérú ṣiṣẹ́ títí òjò fi rọ̀.

Lébìrà mi ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe ohun rere, ló bá ń sọ wọ́n lókùúta. Mo ní èyí tó bá tún pa, màá yọ owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀yin ẹ lọ wo ọ̀pọ̀lọ́ tó lúgọ sẹ́bàá ebè lóru ná.

Àmọ́ pẹ́pẹ́yẹ ni ọ̀gá. Mo yá díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan ní Ọ̀bá-Ilé. Wọ́n ti ẹnu bọ abẹ́ koríko, wọ́n fà á yọ, wọ́n gbé e mì káló. Kábéèjì tí mo lọ́ lẹ́yìn ìyẹn wé dáadáa, àwọn aláròóbọ̀ wá ń bá mi lóko. Kí ẹ tó lọ́ ọ ni kí ẹ dà wọ́n sí i o, torí wọ́n ń tẹ ọmọ ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣá ewé tó bá ṣì tutù jẹ. Ẹ gbé abọ́ omi sítòsí wọn pẹ̀lú, itọ́ ìgbín máa ń lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ó sì lè há wọn lọ́fun.