Aró lọ́wọ́ ọmọ 48: bí a ṣe fi àdìrẹ kojú ìfìyàjẹni nílé ìwé wa

Ní Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, mo wọ kíláàsì JSS 1, mo rí ọmọkùnrin kan tó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ìdí jókòó. Mo ní kó dìde wá kọ nǹkan sójú pátákó, kò dìde. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀. Ìkejì wà lórí òrùlé páànù ibi tí a ń kó àga tó kán sí. Àwọn sínió ló jù ú sókè. Wọ́n ní kó kí àwọn, ó kólòlò, wọ́n ní ó ń fi àwọn ṣeré.

A mú bàtà sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà tó ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ na sínió mẹ́ta ní ẹgba mẹ́fà mẹ́fà lójú gbogbo ilé ìwé. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà ò wá. Ìyá rẹ̀ ló wá. Ó ní wọ́n dúró dè é lẹ́yìn géètì, wọ́n sì gba ẹgba wọn padà lára rẹ̀.

Tíṣà iṣẹ́ ọnà ni mí, ní ilé ìwé ìjọba kan ní Òṣogbo. N kò ní dárúkọ ilé ìwé, n kò sì ní dárúkọ ọmọ kankan. Ohun tí a ṣe láti ọjọ́ yẹn títí di oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ sọ, torí àwọn tíṣà bíi mélòó kan ti ń béèrè bí a ṣe ṣe é.

Èmi náà kọ́kọ́ gbìyànjú, ó sì kùnà. Mo ra ọ̀dà, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ẸNI TÓ ṢE OORE, ARA RẸ̀ LÓ ṢE É FÚN. Mo ní kí àwọn ọmọ ki àtẹ́lẹwọ́ bọ ọ̀dà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ yí i ká. Ó rẹwà, mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí WhatsApp. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnìkan fi èédú kọ KÓ-KÓ-KÓLÒLÒ sábẹ́ rẹ̀, ó sì ya ẹnu kan tó là sílẹ̀ gbàgà tì í. Kí n má purọ́, ẹni tó ya ẹnu yẹn mọ àwòrán yà.

Mo dúró níwájú ògiri yẹn títí. Ohun tó kù níbẹ̀ ni pé kò sí iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ẹnìkejì rẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ lójú, bákan náà ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ tẹ ọ̀dà, kóówá sì bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ọwọ́ kan ò lè dá ṣe ni mo ń wá. Òṣogbo la wà, ìlú aró. Ó yẹ kó ti wá sí mi lọ́kàn kí n tó lọ ra ọ̀dà.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo yàn, aṣọ tí a ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí a tó rì í bọ aró. Ẹni kan ò lè fi ìyẹ́ adìyẹ ya nǹkan sórí aṣọ kó tún fa aṣọ náà le. Ẹni kan ò sì lè dá gbé aṣọ tó ti mu aró yó jáde nínú ìkòkò. Tíṣà kan ní ìdajì àwọn ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan yà. Mo rán an létí Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé, dá sílẹ̀ ní ìlú yìí kan náà ní 1962. Jimoh Buraimoh tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ayàwòrán lẹ́yìn náà, iná ló ń tàn fún eré Ládípọ̀. Oníjó ni Twins Seven-Seven kí òun náà tó di ayàwòrán. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kíláàsì wo ni wọ́n ti kọ́ àwòrán.

Kí a tó fọwọ́ kan aṣọ, káńsẹ́lọ̀ ilé ìwé wa ní ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú àwọn ọmọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ tó bá sọ̀rọ̀, ẹ máa jókòó gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé nínú ìwádìí tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, gbé jáde ní 2019, bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ni wọ́n fìyà jẹ nílé ìwé láàárín oṣù kan péré. Ó ní tí mo bá rò pé bàtà orí páànù yẹn nìkan ló wà, mo ń tan ara mi.

A ṣe eré kan tí àwọn ọmọ wá ń pè ní "Dúró!" Augusto Boal, ọmọ Brazil, ló gbé irú eré bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Àwọn òṣèré á ṣe ìfìyàjẹni kan lójú agbo, òǹwòran tó bá fẹ́ á ké "Dúró!", á bọ́ sójú agbo, á gba ipò ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà tàbí ti ẹni tó ń wòran, á ṣe é bó ṣe rò pé ó yẹ. Ọmọ 17 ló bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òmíràn sá, òmíràn rẹ́rìn-ín, òmíràn pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dúró tì í. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó lọ sọ fún tíṣà. Mo béèrè ìdí. Ọmọbìnrin JSS 2 kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Màá, tẹ́ ẹ bá ti nà wọ́n tán, ẹ̀yin ń lọ sílé yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí bí agbọ́n.

Ó wá kan aṣọ. A mú ọmọ 48, JSS 24, SS 24. Mo fẹ́ so ọmọ tó ń kólòlò pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ju bàtà rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni àánú wà. Káńsẹ́lọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í ṣe oògùn tí a ó fi wo ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ sàn. Òótọ́ ló sọ. Kèké la fi pín àwọn yòókù, sínió kan sí ọmọ kékeré kan, ṣùgbọ́n a ti kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò gbọdọ̀ pàdé kúrò lọ́nà ara wọn. Ọmọbìnrin SS 2 kan tó máa ń ta búrẹ́dì fún ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ ni ọmọ tó ń kólòlò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Aṣọ funfun olówùú méjì, ọ̀pá méjì ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, la rán pọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń rán ìró àdìrẹ. A fi okùn pín in sí ilé 24, ilé kan fún ọmọ méjì. Òfin kan ṣoṣo ló wà: o ò gbọdọ̀ ya nǹkan tìrẹ sínú ilé yín, ti ẹnìkejì rẹ lo máa yà, òun náà á ya tìẹ. Kí o tó lè yà á, o ní láti bi í ní nǹkan mẹ́ta. Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nílé ìwé yìí? Ta ló máa ń retí rẹ nílé? Orúkọ wo lo fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́? Kò sí kíkọ, àwòrán nìkan, bí àwọn ìyá wa ṣe fi àwòrán òpó gbọ̀ngàn Mápó sọ lórí àdìrẹ pé Ìbàdàn dùn. Ìbéèrè kẹta yẹn ló pẹ́ jù. Ọmọ kan wà tí gbogbo ilé ìwé ń pè ní Orí Ìgò láti ọdún méjì. Nígbà tí sínió rẹ̀ bi í léèrè orúkọ tó wù ú, ó wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ẹ̀kọ náà rọrùn. Láfún la rò pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí tó fi ki bí ògì. Ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, kóró kan péré tó bá wà nínú ẹ̀ á ba ìlà jẹ́. Ìyẹ́ adìyẹ fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ̀ ìgbálẹ̀ fún tóótòòtó. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró ò ní mú un.

Òjò ló kọ́kọ́ bá wa jà. Oṣù kẹwàá ni, a sá aṣọ sórí okùn lẹ́yìn yàrá iṣẹ́ ọnà, òjò dé láìròtẹ́lẹ̀. Ilé mẹ́sàn-án ṣàn wálẹ̀ bí omi ìrẹsì. Àwọn ọmọ kan sunkún, èmi náà fẹ́ sunkún. Wọ́n tún un yà. Àwọn tí ilé tiwọn ò bàjẹ́ ló ń fa aṣọ le fún wọn, n kò sì sọ fún ẹnì kankan pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi títún yà yẹn ni mo ti rí ẹnu náà. Sínió kan ń ya ọmọ JSS tó fẹ́ràn láti máa pìtàn, ó sì la ẹnu rẹ̀ gbàgà, ètè òkè nípọn, eyín iwájú méjì. Ẹnu orí ògiri gan-an ni. Mo bẹ̀rẹ̀ tì í, mo ní, "Mo mọ ọwọ́ yìí." Ìyẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó wá bá mi ní sítáàfù rúùmù, ó béèrè bóyá ọ̀dà funfun ṣì kù.

Aró ni olórí iṣẹ́. Agboolé ìyá aláró kan la lọ, kò jìnnà sí ilé ìwé. Ìkòkò mẹ́rin ló wà nílẹ̀, ẹ̀lú àti omi eérú tó ti pọ̀n fún ọjọ́ púpọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ìtọ̀ ewúrẹ́, àwọn ọmọ di imú, Màmá ní kí wọ́n tú imú sílẹ̀, ó ní owó ilé ìwé ọmọ òun mẹ́fà ló ń rùn yẹn. Tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, ewé ló máa ń jọ. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú ẹni. Ariwo tí wọ́n pa nígbà tí wọ́n rí i, ẹ ò ní mọ sínió yàtọ̀.

Ìgbà kẹta tí a rì í bọ̀ ọ́ ni ìkòkò dànù. Méjì ń ti ara wọn, ìkẹta ṣubú, ìkòkò kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó là sí méjì. Gbogbo agbo dákẹ́. Mo rí i tí ojú àwọn ńlá ń wá ẹni kékeré tí wọ́n máa nàka sí. Èmi gan-an ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀bẹ̀.

Màmá wo ilẹ̀, ó wo wọn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi!" Ìtàn ìlú wa ni: igi tí àwọn tó tẹ ìlú dó gé ló wó sódò, tí Ọ̀ṣun ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ó ní, "Ọ̀ṣun ò lé wọn, ó bá wọn dá ìlú ni. Àmọ́ ẹ máa gún ẹ̀lú mi padà o." Kò béèrè ta ló ti ẹnì kan.

Sátidé méjì ni wọ́n fi gún ewé ẹ̀lú. Mẹ́ta mẹ́ta nídìí odó kan, ọmọ odó ń lọ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ẹni tó bá ṣìnà á gbá ọwọ́ ẹnìkejì. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi dá orin sílẹ̀. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ohùn kan gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó mọ́ gaara, kò já, kò kọ́. Ọmọ tó ń kólòlò ni. Ọ̀pọ̀ akólòlò kì í kólòlò tí wọ́n bá ń kọrin, mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n etí ilé ìwé wa ò tíì gbọ́ ọ. Ẹni kankan ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn gbe orin, odó ń lọ.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, la ta aṣọ náà sí gbọ̀ngàn. Láti 2020 ni UNESCO ti ń fi Tọ́sìdeè àkọ́kọ́ oṣù yẹn kojú ìwà ipá àti ìfìyàjẹni nílé ìwé. Kò sí ọ̀rọ̀ gígùn. Ọmọ méjì méjì dúró síwájú ilé wọn, kóówá sọ ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ gbogbo wọn dúdú dé ọrùn ọwọ́.

Ṣé ìfìyàjẹni tán? Rárá o. Nínú ìwé káńsẹ́lọ̀, ẹjọ́ mẹ́ta ló wà ní oṣù kẹwàá, mọ́kànlá ní oṣù kọkànlá. Ọkàn pírínsípà kọ́kọ́ bàjẹ́. Káńsẹ́lọ̀ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sọ ni. A ti jáwọ́ nínú nínà lójú agbo. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, àgbà kan sì ń dúró ní géètì títí ọmọ tó wá sọ fi máa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ju bàtà ò yí padà rárá, aṣọ ò ràn án.

Pírínsípà fẹ́ fi aṣọ náà ṣe kọ́tìnnì ọ́fíìsì, àwọn ọmọ ò gbà. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ dúró kí òjò lọ tán, kí ẹ sì ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kérésìmesì dé, èékánná mi ṣì dúdú.