Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àwọn Ológbò Àdúgbò Tí Wọn Kò Nílé

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lu abọ́ onírin kan lẹ́yìnkùlé wa, lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n tó lu ẹlẹ́ẹ̀kẹta, orí mẹ́rin á ti yọ lórí fẹ́ǹsì. Dúdú, ìyá wọn, ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wá fi ikùn wọ́lẹ̀ rìn títí dé ìdí abọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn, n kò sì lè fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí a ti jọ ń gbé Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí, láàárín ìkòkò aró mi àti àdìrẹ tí mo sá sórí okùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ládùúgbò tirẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ kà wọ́n

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má tíì fún wọn ní nǹkan kan. Ẹ jókòó nírọ̀lẹ́, kí ẹ mú ìwé kékeré lọ́wọ́. Mélòó ni wọ́n? Èwo ló lóyún? Èwo ló ń fún ọmọ lọ́mú? Ológbò tó bá gbé ìrù sókè, tó ń ké bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kó ní ilé tó ti sọ nù. Ẹ béèrè káàkiri. Èyí tó dàgbà síta kì í sábà ké sí èèyàn. Ìró ẹsẹ̀ yín ti tó láti lé e lọ.

Ẹ bá àdúgbò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé abọ́ kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni wọ́n fi sọ ológbò dúdú fún ọ̀pọ̀ wa láti kékeré, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Màmá àgbà tó wà nílé kejì sí wa wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ológìnní kì í ṣe ẹran lásán o." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mo gbọ́, Màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ ká máa wo àpò èlùbọ́ yín." Èkúté ti jẹ ìdí àpò náà bí ajere nígbà yẹn. Àwọn àgbà ló kúkú ní bí ológbò bá jáde nílé, ilé a di ilé èkúté. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí àpò tuntun kò ní ihò, Màmá fúnra wọn ló ń kó orí ẹja pamọ́ dè mí. Ní ti Alhaja tó ń ta ata níwájú ilé, wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: wọ́n ní Abu Huraira, sàábé Ànábì, baba ọmọ ológbò ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ gbogbo ilé: kí wọ́n má fi májèlé pa èkúté mọ́. Ológbò tó bá jẹ òkú èkúté tó ti jẹ májèlé lè bá a lọ. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bá ọ̀kan lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń ya àdìrẹ, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, gìrì ń mú un, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbòò. Kò tó wákàtí kan tó fi kú. Ẹni tó gbé májèlé náà kalẹ̀ kò ní ibi kankan lọ́kàn. A ò tíì bá a sọ̀rọ̀ ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Wákàtí oúnjẹ

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Oúnjẹ tí a ń jù sílẹ̀ nígbà tó bá wù wá, eṣinṣin àti èkúté ló ń pè. Ẹ mú wákàtí kan tó bá iṣẹ́ ilé yín mu, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́, ibì kan náà, ìró kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọn á ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè mọ èyí tí kò wá, èyí tó ń tiro, èyí tí ojú rẹ̀ ń ṣepin. Ìgbà yẹn náà ni ẹ tó lè mú wọn.

Ṣàwá bíbọ̀ tí a ti yọ egungun rẹ̀, tàbí fùkù tí a gé wẹ́wẹ́, ni mo máa ń pò mọ́ ìrẹsì díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní ata tàbí iyọ̀, ká má tiẹ̀ sọ ti àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, ì báà jẹ́ èyí tó jinná sínú ọbẹ̀. Mílíìkì ń fún ọ̀pọ̀ wọn ní ìgbẹ́ gbuuru. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fún wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ kó abọ́ kúrò, kí ẹ gbá ilẹ̀, kí ẹ fi omi nìkan sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa aró nílé bíi tèmi, ẹ dé ìkòkò yín, kí ẹ sì tọ́jú sódà sókè. Ológbò tó bá tẹ sódà á fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì bó o lẹ́nu.

Ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́dàá

Bí ẹ bá ń fún wọn lóúnjẹ láìṣe èyí, ẹ ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i láti wá jìyà ni. Abo ológbò lè lóyún láti bí oṣù 4, oyún náà kì í ju bí ọ̀sẹ̀ 9 lọ, ó sì lè tún lóyún nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ẹni tó bá ń sin ewúrẹ́ mọ ohun tí ọ̀dá jẹ́. Ti akọ ológbò kò yàtọ̀. Ti abo ni dókítà ẹranko ń la ikùn fún.

Ẹ lọ bá dókítà náà ṣáájú, kí ẹ sọ fún un gbangba pé ẹran tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ni ẹ ń gbé bọ̀. Ẹ ní kó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́jọ́ kan náà, kó sì gé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ nígbà tó bá ṣì ń sùn. Àmì yẹn ni kì í jẹ́ ká tún mú un lẹ́ẹ̀kejì.

Wẹ́dà ló bá mi ṣe àgò onírin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí ẹran bá tẹ pátákó inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ so ilẹ̀kùn náà sókè, kí ẹ máa gbé oúnjẹ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ tú okùn, kí ẹ fi ẹja díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ lu abọ́. Gbàrà tí ilẹ̀kùn bá já, ẹ fi aṣọ bo gbogbo àgò náà. Òkùnkùn ń mú ara rẹ̀ balẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò tún gbọdọ̀ jẹun. Àánú ṣe mí nígbà àkọ́kọ́, mo fún Dúdú ní ẹja láàárọ̀, dókítà sì dá wa padà, nítorí ẹran tó yó lè bì nínú oorun abẹ́rẹ́, kí èébì fún un lọ́rùn. Oṣù méjì ni mo fi wá a kó tó tún wọ àgò.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kó sun inú àgò náà nínú yàrá tó gbẹ, lórí ìwé ìròyìn, títí dókítà á fi ní kí ẹ tú u sílẹ̀. Bó bá ń kérora, ẹ má fún un ní paracetamol. Ó ń pa ológbò.

Ibi tí ẹ ti mú un ni kí ẹ tú u sí. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ tú wọn sínú Igbó Ọ̀ṣun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, tí a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, ẹyẹ àti alángbá inú rẹ̀ ni ológbò tí ebi ń pa máa dojú kọ. Òun fúnra rẹ̀ á sì máa wá ọ̀nà ilé kiri, ọkọ̀ lè pa á.

Bí ẹ bá bá ọmọ wọn

Dúdú bímọ sínú agbọ̀n aṣọ funfun mi. Mẹ́ta ni wọ́n, ojú wọn kò tíì là. N kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá wọn ló lọ wá oúnjẹ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́, mo ń fi ìka fún wọn lẹ́ja. Kí ọ̀sẹ̀ 8 tó pé ni ọmọ ológbò ti ń tètè mọ èèyàn. Bó bá kọjá oṣù mẹ́rin, ó di ẹran ìta. Méjì ti ní ilé báyìí.

Bó bá gé yín jẹ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo tàbí ata sí i, ẹ má sì ní ẹ ń wo bó ṣe máa rí: bí dìgbòlugi bá ti fi ara hàn, agbára káká la fi ń rí ẹni tó yè é. Aláboyún kò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ ológbò. Kí ẹlòmíràn bá a kó o.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò

Ẹ fi abọ́ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́, kó jẹ́ abọ́ yẹn gan-an. Ọmọ-ọmọ Màmá àgbà ló ń bá mi ṣe é. Tó bá ti lù ú tán laago mẹ́fà, á fi fóònù Màmá pè mí: "Àǹtí, mẹ́rin ló wá."