Bí mo ṣe gba asà tèmi ní College of Arms

Pátákó kan tí mo gbé kọ́ sí pálọ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òyìnbó ni ìyàwó mi. Ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló tà á fún mi pé asà ìdílé wọn nìyẹn, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí àwọn Òyìnbó máa ń yà sórí asà. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han akéde (bí wọ́n ṣe ń pe òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa asà nìyẹn) tó ń gbàlejò lọ́jọ́ tí mo lọ sí College of Arms, iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní asà, ní Queen Victoria Street ní London. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní orúkọ kì í ní asà, èèyàn ló ń ní in, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì jogún rẹ̀. Owó mi ti wọgbó nìyẹn.

Mo bá ní kí n kúkú tọrọ tèmi. Láti 1484 ni Ọba Richard Kẹta ti fún wọn láṣẹ iṣẹ́ yìí. Owó tí àwa oníbàárà ń san ni wọ́n fi ń gbé ara wọn, nítorí náà, ẹ múra sílẹ̀. Mo kọ ìtàn ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ mi, mo buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Earl Marshal, ìyẹn olóyè tó ń bójú tó College of Arms, owó sì bá ìwé lọ. Duke ti Norfolk ló ń joyè yẹn. Láti 1672 ló ti di àjogúnbá ní ìdílé wọn. Bí kò bá fàṣẹ sí i, ọ̀rọ̀ ò lè dé iwájú.

Àwòrán ló dùn jù. Àyàn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi, mo bá ní kí wọ́n ya gángan pupa sórí asà dúdú. Akéde mirí. Ó ní wúrà àti fàdákà wà lọ́tọ̀, àwọ̀ yòókù wà lọ́tọ̀. Àwọ̀ kì í gun àwọ̀, kí ojú lè rí i lókèèrè. Bí gángan mi ṣe di oníwúrà nìyẹn. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ àwọn tó wà nínú ìwé wọn, kó má bàa jọ ti ẹlòmíì.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ gan-an ni asà, kì í ṣe àwòrán. Gbólóhùn kúkurú ni, èdè Faransé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀: “sable” ni dúdú, “or” ni wúrà. Ayàwòrán méjì lè yà á lọ́nà méjì, kí méjèèjì sì tọ̀nà. Àfi bí oríkì lẹ́nu akígbe méjì.

Ó pẹ́ kí ìwé tí wọ́n fi fún mi ní asà náà tó jáde. Awọ ọmọ màlúù ni wọ́n fọwọ́ kùn tí wọ́n sì fọwọ́ kọ, òǹtẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀.

Pátákó àkọ́kọ́ ṣì wà ní pálọ̀ o. Ìyàwó mi ní kí n má yọ ọ́, ó bá kọ́tìnì òun mu.